Sí Lúsì Ọmọ Mi, Nípa Ológbò Abẹ́ Ibùsùn

Èmi Másẹ́lì, katikíìsì ìjọ wa ní Soclogbo, ni mo di kálàmù mú. Bàbá Tòmáásì àgbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó lè lọ sóko, a sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bàbá kò lọ sílé ìwé rí, kò sì gbà kí n fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé tún tirẹ̀ ṣe. Ó ní kí n kọ ohun tí òun bá sọ bí òun ṣe sọ ọ́, kí n sì ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí kí òun tó fa àmì òun sí i. Lúsì ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń kọ̀wé sí. Lúsì àti Bonifásì ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun ní Parakou, pẹ̀lú ológbò kan tí Lúsì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń fìyà jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti débẹ̀ ni ológbò náà ti wọ abẹ́ ibùsùn, tó kọ̀ tí kò jáde. Bonifásì sì ti sọ pé bí kò bá tíì fara mọ́ ilé nígbà tí ìyá òun bá fi máa dé, òun yóò dá a padà sí ọjà tí wọ́n ti rí i. Ohun tó fa lẹ́tà yìí nìyẹn. Ó yá, Bàbá, ẹ máa sọ.

Lúsì, ọmọ mi, olójú bí ti ìyá mi, mo kí ọ. Mo kí Bonifásì. Mo kí ẹni tó wà lábẹ́ ibùsùn náà.

Nígbà tí o pè wá lórí fóònù, ìyá rẹ ló gbé e sétí, èmi ń gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́. O ní ológbò kò jẹun lójú ẹnikẹ́ni. O ní bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, á yọ eyín, á ṣe “haa” sí yín. O ní ìyá ọkọ rẹ ń bọ̀ wá bá yín gbé lẹ́yìn ìrìn-àjò mímọ́ sí ihò Màríà ní Arigbo, ní Ìdáàṣà. Bí o ṣe fẹ́ bú sẹ́kún ni ọ̀rọ̀ já. Ìyá rẹ ní kí n pè ọ́ padà, mo kọ̀. Fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú. Bí o bá dákẹ́ díẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀ tó dára, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á ti máa pariwo “Alóò! Alóò!” bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Lẹ́tà kì í pariwo. Àlájì Ràfíù tó ń ta àwo àti ìkòkò lọ́jà Ìdáàṣà ń lọ kó ọjà ní Parakou, òun ni yóò mú un wá fún ọ. Ó jókòó tì wá báyìí, ó ń dúró kí òjò dá.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ohun tí o ṣe dára. Wọ́n so agolo tòmátì mọ́ ẹranko nírù, wọ́n ń lé e kiri, gbogbo ọjà ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan lo bọ́ ìborùn rẹ, o fi wé e, o gbé e lọ. Bí ìyá mi ì bá ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbígbà á là, apá kan ni. Kí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti gba òun là, apá kejì nìyẹn, ìyẹn ló sì ń pẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ẹni tí wọ́n so agolo mọ́ nírù, bí o bá kàn gbé ìdérí ìkòkò kalẹ̀, agolo ló gbọ́. Nítorí náà má sọ pé kò mọ oore. Kò tíì mọ̀ pé oore ti dé ni.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe kọ́ ọgbọ́n ológbò, nítorí kò sẹ́ni tó fi í lé mi lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún tí mo gbé ìyá rẹ níyàwó, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé sí ẹsẹ̀ òkè yìí, eku fẹ́ẹ̀ jẹ wá tán. Wọ́n jẹ àgbàdo tí mo fẹ́ fi ṣe irúgbìn, wọ́n jẹ ẹ̀gúsí ìyá rẹ, wọ́n tún ń jẹ ìdí àpò bí ẹni pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá mi, tó ń gbé abúlé tó wà lẹ́yìn òkè kejì, ní ológbò kan tó mọ iṣẹ́. Mo lọ tọrọ rẹ̀. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa a kì í fowó ra ológbò. Ológbò tí a bá fowó rà, àwọn àgbà ní eku ló máa ń bá ṣọ̀rẹ́. Àkùkọ kan ni mo gbé lọ. Ó gba àkùkọ, ó gbé ológbò fún mi. Mo sì mọ àṣà: inú àpò la ń gbé e sí, bí a bá dé oríta, a ó yí àpò náà ká kó má baà mọ ọ̀nà padà.

Ìyá Kékeré ní, “Tòmáásì, yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó.”

Ìwọ náà mọ bàbá rẹ. Mo ní bí ẹ̀ẹ̀kan bá dára, ọ̀pọ̀ yóò dára jù. Ní oríta àkọ́kọ́, mo di ẹnu àpò mú, mo ń yí, ológbò ń ké, èmi pàápàá ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Mo yà kúrò lójú ọ̀nà tààrà, mo gba ẹ̀yìn àpáta, kó má baà mọ ipa ẹsẹ̀ mi. Ní oríta kejì mo tún yí i, títí òòyì fi ń kọ́ mi, tí mo ní láti jókòó kí n tó lè dìde. Kùrukùru sì ti bo orí òkè. Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo ń lọ, mo ń kọrin. Nígbà tó yá, mo rí ilé kan lọ́ọ̀ọ́kán àti obìnrin kan tó ń gbálẹ̀. Mo rò pé ìyá rẹ ni, mo ké sí i: “Àgáátà! Wá wo ohun tí mo mú bọ̀!”

Obìnrin náà gbé orí sókè. Ìyá Kékeré ni.

“Tòmáásì,” ó ní, “o tètè dé. Ṣé àkùkọ rẹ lo fẹ́ gbà padà?”

Ó tú àpò, ológbò bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ara, ó lọ jókòó sídìí ààrò bí ẹni tó ti ọjà dé. Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló yẹ kó wà nínú àpò?”

Másẹ́lì, dẹ́kun ẹ̀rín, máa kọ ọ́ lọ. Àlájì náà ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín, torí ó ti rín ẹ̀rín tirẹ̀ tán láti ìgbà yẹn.

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Kékeré sọ fún mi pé ojú kọ́ ni ológbò fi ń mọ ilé, imú ni. Ó ní, “O ń ba ọ̀nà jẹ́ mọ́ ọn lójú, nígbà tó yẹ kí o fún un ní nǹkan tí yóò máa gbóòórùn.” Ó yọ àkísà tí ológbò náà ń sùn lé, ó ká a, ó fún mi.

Nítorí náà, èkíní: ìborùn tí o fi wé e lọ́jọ́ náà, níbo ló wà? Òun ni ohun àkọ́kọ́ tó kàn án lára láìdùn ún. Má fọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ síbi tó ń sùn. Ìyá rẹ, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ní o ti fọ̀ ọ́, pé òun ló bí ọ, òun mọ̀ ọ́. Èmi ní o kò tíì fọ̀ ọ́. Bí o bá ti fọ̀ ọ́, ìyá rẹ borí; wá aṣọ mìíràn, fi sùn mọ́jú, kí o tẹ́ ìyẹn fún un.

Èkejì. Nígbà kejì tí mo lọ mú un, agbọ̀n ni mo gbé e sí, mo tẹ́ àkísà sínú rẹ̀, mo gba ọ̀nà tààrà. Mo dé ilé láìsìnà, orí mi wú. Mo pe gbogbo aládùúgbò: ẹ wá wo ológbò mi! Mo ṣí agbọ̀n láàárín agbo. Ológbò rí ẹsẹ̀ lọ́tùn-ún, ó rí ẹsẹ̀ lósì, ó sá wọ abẹ́ àká. Mo dojú bolẹ̀, mo na ọwọ́ sábẹ́ àká láti fà á jáde. Ìyá rẹ, ìyàwó tuntun nígbà náà, ní, “Bàálé mi, ẹ fi í sílẹ̀.” Mo ní, “Nínú ilé tèmi?” Másẹ́lì ń bi mí bóyá kí òun kọ ìyẹn. Kọ ọ́.

Ológbò náà fa ilà mẹ́ta sí mi lápá, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní olóòlà tó dára ni, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Baba Ológbò. Nígbà tí o wà lọ́mọdé, o máa ń fi ìka tọ ojú àpá yẹn, o máa ń bi mí pé kí ló ṣe mí, mo sì máa ń sọ pé ẹ̀gún ni. Ẹ̀gún kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilà mẹ́ta tí mo máa ń fà sára iṣu mi kí wọ́n má baà dà á pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn lọ́jà, òun náà ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, mo wá sọ ọ́ di àmì mi kí ẹnu wọn lè pa mọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ológbò ti gun òkè méjèèjì, ó ti padà sídìí ààrò Ìyá Kékeré. Ìyẹn ló jẹ́ kí a sọ ọ́ ní Mọ̀nà, nítorí pé nínú èmi àti òun, òun ló mọ ọ̀nà.

Wàá rí i níbẹ̀ pé mo ṣe nǹkan mẹ́ta tí o kò gbọdọ̀ ṣe. Mo pe èrò. Mo na ọwọ́. Mo ṣí gbogbo ilé sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan náà. Lúsì, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Yàrá méjì lẹ ní. Fi ẹyọ kan fún un ná, èyí tó kéré, tí alùpùpù Bonifásì kì í wọ̀. Ti ilẹ̀kùn. Ibi tó kéré ni ẹni tó ń bẹ̀rù ń kọ́kọ́ mọ̀. Bó bá ti mọ ìyẹn tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè ìyókù. Má sì ṣe dí abẹ́ ibùsùn mọ́ ọn kó má baà ríbi sá sí. Ẹni tí kò níbi sá sí, ìjà ló kù fún un. Ṣùgbọ́n wá ibi ìsápamọ́ mìíràn tó sàn ju abẹ́ ibùsùn lọ: ìkòkò ńlá tó ti là, kí o dà á sí ẹ̀gbẹ́, tàbí páálí tí o gé ẹnu sí níhà méjì. Ìhà méjì ni mo wí o. Ihò tí kò ní ẹ̀yìn, ẹranko tí wọ́n ti lé rí kì í fọkàn sùn níbẹ̀. Tẹ́ ìborùn síbẹ̀.

Ìyá rẹ ní mo gbàgbé iyanrìn. Mi ò gbàgbé, mi ò tíì débẹ̀ ni. Bu iyanrìn sí bàsíà, gbé e sí igun kan, kí oúnjẹ wà ní igun kejì. Ológbò kì í jẹun níbi tó ti ń yàgbẹ́. Ó mọ́tótó ju àpọ́n lọ. Másẹ́lì, o ti níyàwó, ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí.

Ẹ̀kẹta, oúnjẹ. O ní ẹ máa ń gbé ẹja síwájú rẹ̀, ẹ ó sì dúró máa wò bóyá yóò jẹ. Ta ló lè jẹun bẹ́ẹ̀? Bí mo bá gbé iyán fún ọ, tí èmi àti gbogbo Soclogbo dúró lé ọ lórí tí a ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ, ṣé yóò gbè ọ́? Lọ ẹja gbígbẹ díẹ̀, pò ó mọ́ ẹ̀kọ, gbé e kalẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí o pè é jẹ́jẹ́, “músù, músù,” kí o yí ẹ̀yìn padà. Kí omi má wọ́n. Lọ́jọ́ tó bá jẹun nígbà tí o ṣì wà nínú yàrá, má yọ̀ sókè. Yọ̀ sínú.

O ní o sọ ọ́ ní Mínù. Kí ni Mínù? Másẹ́lì ní báyìí ni àwọn Faransé ń pe ológbò. Ó dára. Bó bá ń jẹ́ Mínù, kó máa jẹ́ Mínù, ṣùgbọ́n fi “músù” tì í kó lè gbọ́ èdè ilé.

Ojú ńkọ́? Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé ojú, bẹ́ẹ̀ ó ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí Mọ̀nà tún padà dé ilé wa ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi ni mo máa ń jókòó tì í, tí mo ń wò ó láìṣẹ́jú, pé bó bá rí ojú mi yóò mọ̀ pé mo fẹ́ràn òun. Bí mo bá ṣe ń wò ó tó ló ń wọ inú lọ tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti oko dé, ó ti rẹ̀ mí, mo jókòó, mo ń tòògbé, ojú mi ń ṣí, ó ń pa dé. Nígbà tí mo máa rí i, orí Mọ̀nà ti yọ. Òun náà ń pa ojú dé, ó ń ṣí i, díẹ̀díẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ojú tó ń wo ẹranko láìṣẹ́jú, ojú ọdẹ ni. Ẹni tó bá pajú dé níwájú rẹ ń sọ pé òun kò bẹ̀rù rẹ, òun kò sì fẹ́ pa ọ́. Dán an wò. Jókòó sílẹ̀, má jókòó sórí ibùsùn, kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, máa rán aṣọ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni o. Jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ sinmi ná. Ariwo yẹn, èmi pàápàá á wọ abẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Bonifásì. Èwo la dé, Másẹ́lì? Ẹ̀kẹrin. Másẹ́lì ní ẹ̀karùn-ún ni. Ó lè máa kà á bó ṣe wù ú.

Má bá ọkọ rẹ jà nítorí ológbò. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyá rẹ̀ ló ń bẹ̀rù, ọmọ rere sì ni, kò fẹ́ kí ìyá òun dé kó máa gbọ́ “haa” lábẹ́ ibùsùn. Ohun tí wàá ṣe nìyí: sọ fún un pé ọwọ́ rẹ kún, kí òun máa gbé ẹja fún ológbò láràárọ̀ kó tó lọ sílé iṣẹ́ òwú. Òun nìkan. Ọwọ́ tó bá ti ń gbé àwo fún ẹranko, yóò nira fún un láti gbé e lọ sọ́jà nínú àpò.

Másẹ́lì ní, “Bàbá, Bonifásì fúnra rẹ̀ lè ka lẹ́tà yìí.”

Kó kà á! Bonifásì, ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni? O ti rí i báyìí pé mi ò ṣe é lẹ́yìn rẹ. Gbé ẹja fún un fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ tí àpò ṣì wù ọ́ gbé, wá sọ fún mi lójú.

Lúsì, ó kan ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ. O ní ó sọ pé ológbò tó bá ń fara pamọ́, ojú ẹlòmíràn ni, pé ayé ló fi í ṣọ́ ilé. Mi ò fi àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìyá wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ṣọ́ ilé ẹnìkan, ṣé mo máa lọ dojú kọ ògiri lábẹ́ ibùsùn rẹ̀? Kí ni mo máa rí níbẹ̀, bàtà? Ẹranko tó fara pamọ́ ń bẹ̀rù ni. Jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún un. Bó bá ń ti Arigbo bọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló máa sùn, màá gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àká níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ Mọ̀nà ti ń yá oòrùn.

Ìyá rẹ ti pariwo láti ìdí ẹ̀wà: “Bàbá Lúsì, ẹ má bá ìyá ọkọ ọmọ mi jà o!”

Mi ò ní bá a jà. Iyán ni màá fún un. Àlájì náà ní kí n fi kún un pé lọ́dọ̀ tàwọn, ológbò níyì. Òun nìkan ló lè wọ mọ́ṣáláṣí láìbọ́ bàtà, tí Lèmọ́mù kò sì ní sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ìrù rẹ̀ tí okùn agolo ti bó: ìyá rẹ ní kí n sọ pé kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Èmi ti ń fi omi iyọ̀ wẹ ojú ọgbẹ́ láti ìgbà tí mo ti dáyé. Ó ní kí n sọ ọ́ síbẹ̀. Mo sọ ọ́: bó bá ti jẹun ní ìjókòó kan láìsá, ẹ gbé e lọ, kí wọ́n wo ìrù rẹ̀, kí wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn dìgbòlugi. Bí ìrù náà bá ń wú tàbí tó ń rùn, ẹ má dúró de ìjókòó kankan, ẹ máa gbé e lọ. Ní tèyí, ìyá rẹ gbọ́n jù mí lọ. Kò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, mo fi í sẹ́yìn nítorí òun ló wúwo jù.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, Ìyá Kékeré kò fún mi ní ológbò mọ́. Ó ru agbọ̀n náà fúnra rẹ̀, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ilé wa. Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀ sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá wo àyíká. Ẹrù ìyàwó ìyá rẹ wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bó ṣe wà lọ́jọ́ tó gbé e wọlé. Mo ti ń sọ pé bí mo bá kórè iṣu tán, màá kan pákó tí yóò to ìkòkò sí. Ẹní mi wà ní kíká. Ọkọ́ àti àdá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Láàárọ̀ mo ti lọ sóko, lálẹ́ mo ti sùn.

Ó bi mí pé, “Ta ló ń rìnrìn àjò?”

Mo ní, “Kò sẹ́nìkan.”

“Kí wá ni ẹrù dídì wọ̀nyí?”

Mo yíjú wo ẹrù náà.

Ó ní, “Tòmáásì, ológbò wọlé, ó rí ẹrù tí a dì. Ó ní àwọn èèyàn yìí ń lọ. Ta ni yóò fìdí kalẹ̀ ti ẹni tó ń lọ?”

Èmi kò lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Mo kan pákó. Ìyá rẹ tú ẹrù rẹ̀, ó to ìkòkò rẹ̀ láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré, ó fi aṣọ kọ́, a sì jókòó, a ń bó ẹ̀gúsí, èmi ń bó o wúruwùru, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó nínú ilé tí mo fọwọ́ mi kọ́. Mi ò ní sọ fún ọ pé ológbò jáde lọ́jọ́ náà, nítorí kò jáde. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ mọ́. Ọjọ́ kan a ń jẹun, a ń jiyàn lórí ẹni tó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ jù, Mọ̀nà kọjá láàárín wa bí onílé, ó lọ sùn sórí aṣọ ìyá rẹ. A kò tilẹ̀ dá iyàn náà dúró.

Lúsì, ìwọ sọ fún ìyá rẹ pé ẹrù yín ṣì wà nínú àpò, pé ẹ ń dúró kí ìyá Bonifásì dé kó wá sọ bí òun ṣe fẹ́ kí ilé rí. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tú ẹrù yín. Ẹ kan ìṣó mọ́ ògiri. Gbé àwòrán ìyá àgbà rẹ kọ́. Bí ìyá ọkọ rẹ bá dé tó fẹ́ gbé ìkòkò láti ìhín sí ọ̀hún, jẹ́ kó gbé e. Ilé tí a ti to la fi ń mọ ibi tí a ó yí nǹkan sí. Ìwọ náà, jókòó jẹun nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní ohùn rẹ fúyẹ́ lórí fóònù bí ti ẹni tí kò jẹun kánú. Mi ò sọ pé ìwọ ni ológbò o. Ológbò ni mò ń sọ.

Bí gbogbo èyí bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má dá a padà sọ́jà. Àlájì ti ṣèlérí láti gbé e bọ̀ wá fún wa: inú agbọ̀n ni, kì í ṣe àpò, pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, kó wá máa gbé abẹ́ àká wa. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé yóò kọ̀. O sì mọ̀ pé bí mi ò bá gbà, mi ò gbà.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ sí Parakou lo ti ń bẹ̀ mí kí n wá wo ibi tí ẹ ń gbé, mo sì ń sọ pé kò sẹ́ni tí yóò ṣọ́ oko. Másẹ́lì, kọ èyí kó hàn dáadáa. Bí ìyá Bonifásì bá ń bọ̀, èmi àti ìyá rẹ yóò wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá rẹ ti dá ẹ̀wà dúró. Ó ń wò mí. Ẹnu ya Àlájì pàápàá.

Bí mo bá dé, má fi ológbò hàn mí, má pè é. Fún mi ní àpótí, kí n kọ ẹ̀yìn sí ibùsùn, kí n máa tòògbé. Olóríkunkun ni mí, òun náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ rọ̀. Ẹrù kékeré la ó dì wá. Lójú ológbò náà ni màá ti tú u.

Èmi Másẹ́lì ka gbogbo rẹ̀ sí Bàbá Tòmáásì létí. Ó rí ibì kan tí mo ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, mo sì dá a padà sí bó ṣe wà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àmì rẹ̀ síbí, ilà mẹ́ta tó ń fà sára iṣu:

| | |

Ẹlẹ́rìí kìíní: Àgáátà, ìyá Lúsì, tó ní kí n fi kún un pé ìborùn náà, Lúsì ti fọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́rìí kejì: Àlájì Ràfíù, oníṣòwò ìkòkò lọ́jà Ìdáàṣà, tó gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ mi nígbà tí òjò dá, tó sì ti lọ bèèrè agbọ̀n kan tó ní ìdérí, ó ní bóyá ológbò náà yóò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé lófo ni agbọ̀n náà yóò padà bọ̀.